Bí ẹ ṣe lè gbá gọ́ọ̀fù lórí àwọn pápá tó dáa jù ní Skọ́tlándì láìjẹ́ mẹ́ńbà níbì kankan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́kàn yín o. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń gbá gọ́ọ̀fù nílé, ohun tá a mọ̀ ni pé pápá tó bá ti lórúkọ, àfi kéèyàn mọ ọ̀gá kan níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì, ẹ máa kọ lẹ́tà, mẹ́ńbà kan á dúró fún yín, ẹ á tún máa retí kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ti Skọ́tlándì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Old Course ní St Andrews tí gbogbo ayé ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù, ilẹ̀ ará ìlú ni, kò sí kílọ́ọ̀bù kankan tó ni ín, àjọ kan tó ń jẹ́ St Andrews Links Trust ló ń bójú tó o, mẹkáníìkì tó bá ti ní handicap (nọ́ḿbà tó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó) tó sì rówó san, òun àti gómìnà dọ́gba níwájú ẹni tó ń pe orúkọ lórí tee àkọ́kọ́, ibi tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń lé èèyàn sẹ́yìn níbẹ̀ kì í ṣe ipò, àìṣètò ni. Èkejì sì ni irú ọwọ́ tá à ń gbé lọ láti ilé, bọ́ọ̀lù gíga tó ń rọra balẹ̀ lórí green, ibi koríko kúrú tí ihò wà, bíi tinú tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ bá gbé ìyẹn dé etí òkun Skọ́tlándì, afẹ́fẹ́ á dá a padà fún yín. Torí náà ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ, bí ẹ ṣe máa dé orí pápá, àti bí ẹ ṣe máa gbá a tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù

Àsìkò la fi máa bẹ̀rẹ̀. Láti May sí September ni ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń dáa jù, tó bá wá di June, aago mẹ́wàá alẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ sì gbá ihò 18 tán kílẹ̀ tó ṣú. Ìgbà yẹn náà lowó wọ́n jù. Láàárín November sí March owó á já wálẹ̀ dáadáa, àmọ́ òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nínú December aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ lórí Old Course wọ́n á fún yín ní ẹní kékeré kan tí ẹ ó máa gbé kiri, orí ẹ̀ lẹ ó ti máa gbá bọ́ọ̀lù tó bá wà lórí fairway, koríko gígé tó lọ láti tee dé green, kẹ́ ẹ má bàa bá wọn ha koríko. Mi ò rò pé ẹni tó wọ bàlúù láti Èkó torí St Andrews fẹ́ gbé ẹní kiri. Tówó ò bá fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, òpin April tàbí ìbẹ̀rẹ̀ October ni kẹ́ ẹ mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé handicap yín lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù yín, kó jẹ́ tuntun, kó lóǹtẹ̀, kẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n máa bèèrè ẹ̀ láwọn pápá ńlá, kì í ṣe ìgbéraga, wọn ò fẹ́ kí ẹni tí kò tíì mọ bọ́ọ̀lù gbá há sórí pápá kí èèyàn 200 wá máa dúró lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ẹni tí ò ní handicap náà ṣì ní ibi tó lè gbá, màá dé bẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, físà àlejò ti Ìlú Ọba ni ẹ máa gbà, Skọ́tlándì ò ní físà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí ẹ má sì san owó pápá tí wọn ò ní dá padà kí físà tó jáde o. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Aberdeen, Dundee àti Glasgow ni tiwọn rọrùn jù. Kódà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì St Andrews lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan gbáko tí owó ẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí àlejò ń san, tí ọmọ yín bá wà níbẹ̀ tí kò gbá gọ́ọ̀fù, ẹ bá mi bá a wí.

Ẹ mú agbègbè kan

Pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní Skọ́tlándì lé ní 550, ẹ ò lè gbá gbogbo ẹ̀, ẹ má dẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbá Turnberry lónìí, Dornoch lọ́la, inú mọ́tò ló máa lo ìsinmi ẹ̀ tán. Agbègbè mẹ́rin ni mo máa ń pín in sí. Fife ni St Andrews wà, tẹ́ ẹ bá sọdá odò Tay ẹ ti dé Carnoustie. Ìlà oòrùn Edinburgh ni Muirfield, North Berwick àti Musselburgh, gbogbo wọn ò jìnnà síra. Ayrshire, ìsàlẹ̀ Glasgow, ni Prestwick, Royal Troon àti Turnberry. Ti òkè pátápátá ni Royal Dornoch, ó tó wákàtí kan sí Inverness.

Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ háyà mọ́tò, rélùwéè á gbé yín dé ibi tó pọ̀. Láti Edinburgh sí North Berwick, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Carnoustie ní ibùdókọ̀ rélùwéè nítòsí pápá, Troon náà ní tiẹ̀, ti Prestwick tiẹ̀ wá lé kenkà débi pé ihò àkọ́kọ́ ibẹ̀ Railway lorúkọ ẹ̀, ògiri rélùwéè ló wà lápá ọ̀tún, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù yẹn ti wọkọ̀ lọ Glasgow nìyẹn. Rélùwéè ò dé St Andrews, ẹ máa bọ́ ní Leuchars kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì 99, kò pẹ́ rárá. Dornoch ni mo ní kẹ́ ẹ háyà mọ́tò fún.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí ààyè lórí Old Course

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà o, torí ibí ni wọ́n ti ń fi owó jẹ àwọn èèyàn wa, oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò máa ń ta ààyè Old Course pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti pápá mìíì tẹ́ ẹ ò béèrè, ní owó tó lè ra mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá lówó tẹ́ ẹ ò fẹ́ wàhálà, kò burú. Àmọ́ ọ̀nà mìíì wà.

Ọ̀nà kìíní, ẹ tọrọ ààyè ní tààrà lọ́wọ́ Links Trust ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Ìparí August ni wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn ìbéèrè fún ọdún tó ń bọ̀, àwọn tó ń dù ú sì pọ̀, torí náà ẹ ti fi ọjọ́ ẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà.

Ọ̀nà kejì ni kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin méjì sí mẹ́rin lẹ máa kó orúkọ yín jọ, ẹ máa fi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbá, kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni èsì máa jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá Mọ́ńdè, Sátidé lẹ máa fi orúkọ sílẹ̀. Sọ́ńdè ò sí lára ẹ̀, wọ́n máa ń ti pápá náà ní Sọ́ńdè àfi tí ìdíje ńlá bá wà. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ sùn sí St Andrews tàbí ìtòsí ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, kẹ́ ẹ máa fi orúkọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ máa gbá àwọn pápá tó kù títí kèké fi máa mú yín. Pápá méje ni Links Trust ní, New Course tí wọ́n ń pè ní tuntun yẹn 1895 ni wọ́n ṣe é, Jubilee 1897, Eden 1914, Castle Course tó wà lórí òkè etí òkun 2008. Tẹ́ ẹ bá bi mí, New Course yẹn ò fi nǹkan kan kéré sí Old Course ní ti bọ́ọ̀lù gbígbá, orúkọ nìkan ni wọ́n fi jù ú lọ.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tó dá wá. Tẹ́lẹ̀ àwọn èèyàn máa ń sùn síta láti òru, wọ́n á tò sílẹ̀ nínú òtútù kí wọ́n lè bá ẹni mẹ́ta tí ò pé gbá. Láti 2024 wọ́n ti yí i padà, ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké, wọ́n á fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù, torí àwọn tí wọ́n máa pa yín pọ̀ mọ́ lè jẹ́ ará ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Owó ẹ̀ lé ní £300 lásìkò ooru, kádì (ẹni tó ń bá yín gbé báàgì tó sì ń júwe pápá fún yín) lọ́tọ̀, ẹ̀bùn kádì lọ́tọ̀. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Ẹ gba kádì ṣá, lórí Old Course kì í ṣe afẹ́ o, torí ọ̀pọ̀ bọ́ńkà ibẹ̀, àwọn kòtò iyanrìn yẹn, ẹ ò ní rí wọn láti orí tee.

Ẹrù

Kò pọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò tó dáa gan-an, kì í ṣe ti Balógun. Fìlà onírun, ìbọ̀wọ́ òjò méjèèjì, ṣúù tí omi ò lè wọ̀, súwẹ́tà méjì kódà nínú July. Bọ́ọ̀lù púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí báàgì yín fúyẹ́, torí lórí ọ̀pọ̀ pápá etí òkun wọn ò ní buggy, mọ́tò kékeré orí pápá, fún yín àfi tẹ́ ẹ bá ní ìwé dókítà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín, bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ̀yin ọ̀gá onítọ́mì ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti oṣù méjì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá máa jẹun ọ̀sán ní Muirfield, ẹ fi kóòtù àti táì sínú báàgì, láìsí i ẹ ò lè wọ yàrá ìjẹun.

Ẹ kọ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ìdí nìyí. Pápá etí òkun tí wọ́n ń pè ní links, ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín òkun àti oko ni, nǹkan ọ̀gbìn ò lè hù dáadáa níbẹ̀, àgùntàn àti ehoro ló ń jẹ koríko ẹ̀ kúrú, nígbà tó yá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Wọ́n gbá a débi pé ní 1457 ìjọba Ọba James Kejì ṣòfin pé kí wọ́n dáwọ́ gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dúró torí àwọn ọkùnrin ò kọ́ ọfà títa mọ́. Iyanrìn yìí ló jẹ́ kí omi tètè fà, ilẹ̀ á le, koríko á fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ á ṣì máa sáré lọ fún ogún, ọgbọ̀n yáàdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ gọ́ọ̀fù lórí brown nílé, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì yẹn, inú yín á dùn, ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí kọ́ ló máa dúró sí. Àwọn tó kọ́ gọ́ọ̀fù lórí koríko rírọ̀ tí wọ́n ń bomi rin ni iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ lójú yín, ẹ mú igi tó gùn ju èyí tẹ́ ẹ máa ń lò lọ pẹ̀lú nọ́ḿbà méjì, tó bá yẹ kó jẹ́ iron 7, ẹ mú 5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, ẹ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn díẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ọwọ́ yín ṣáájú bọ́ọ̀lù, ẹ gbé igi sókè ní ìdajì, tẹ́ ẹ bá gbá a tán kí ọwọ́ dúró ní àyà. Ẹ má fi agbára gbá a. Ibi tí gbogbo wa ti ń kọsẹ̀ nìyẹn, tá a bá ti rí afẹ́fẹ́ a ó fẹ́ bá a jà, bẹ́ẹ̀ agbára yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí sẹ́yìn jù, tí á fi gòkè, tí afẹ́fẹ́ á gbé e. Tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ní ọgbọ̀n yáàdì sí green kó máa yí lọ fúnra ẹ̀. Tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e padà wá fún yín.

Tó bá ti ku díẹ̀ kẹ́ ẹ dé green, ẹ gbàgbé wedge, igi tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga yẹn, ilẹ̀ le jù, igi yẹn á ta lórí ilẹ̀. Ẹ mú iron 8 kẹ́ ẹ ta bọ́ọ̀lù lọ́ọ́lọ́ọ́ kó yí, tàbí kẹ́ ẹ mú putter pàápàá, igi tá a fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí green, láti ogún yáàdì síta. Ẹnikẹ́ni ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ohun táwọn kádì ibẹ̀ ń sọ fún àlejò látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ sí pápá tó wà nítòsí yín láàárọ̀ nígbà tó gbẹ, ẹ gbá irú bọ́ọ̀lù yìí títí á fi mọ́ yín lára, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ó ku bọ́ńkà. Tiwọn jinlẹ̀, kékeré ni, ògiri koríko tí wọ́n tò léra ló yí i ká, ẹ lè wọ inú ẹ̀ kí orí yín má hàn síta. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́bàá ògiri, ẹ gbá a sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn, kó ṣáà jáde. Tí kò bá ṣeé ṣe, láti 2019 òfin gbà kẹ́ ẹ gbé e síta lẹ́yìn bọ́ńkà pẹ̀lú ìyà 2, ìyẹn ni pé wọ́n á fi 2 kún iye ìgbà tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á dúró sínú ẹ̀ máa lu iyanrìn. Èyí tó bá sì wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún olódòdó yẹ́lò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún yín láti wá a. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù, àwọn agbá gọ́ọ̀fù Aberdeen ló dá márùn-ún yẹn sílẹ̀ ní 1783.

Gbígbá Old Course fúnra ẹ̀

Ilé olókùúta ńlá tó wà lẹ́yìn tee àkọ́kọ́, ti R&A nìyẹn, kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù kan, ẹ má wọ ibẹ̀ o, ibi àwọn mẹ́ńbà ni. Ti Links Trust ni ti gbogbo èèyàn.

Àwọn èèyàn á ti máa wò yín lórí tee àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ á fẹ́ gbọ̀n. Ẹ fọkàn balẹ̀, fairway ihò 1 àti 18 para pọ̀, fífẹ̀ ẹ̀ tó 129 yáàdì, bóyá òun ló fẹ̀ jù tẹ́ ẹ máa rí láyé yín. Ẹ gbá a sí òsì. Òsì yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ní gbogbo ọjọ́ yẹn, torí láàlà àti igbó ló pọ̀ lápá ọ̀tún bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Odò kékeré Swilcan wà níwájú green gan-an, ó máa ń fa bọ́ọ̀lù tó kúrú mọ́ra, ẹ fi nọ́ḿbà kan kún igi yín.

Green méje ló jẹ́ ti ihò méjì méjì, tẹ́ ẹ bá ro nọ́ḿbà ihò méjèèjì pọ̀, 18 ló máa ń jẹ́, ihò 2 àti 16, 3 àti 15, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àsíá funfun ni tàwọn tó ń lọ, pupa ni tàwọn tó ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbá, kẹ́ ẹ má lọ bá ara yín lórí green tó tọ̀nà àmọ́ tí ihò yín ṣì wà ní bí ọgọ́rin yáàdì. Ihò 7 àti 11 gba orí ara wọn kọjá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ṣáájú lọ, ẹ dẹ̀ pariwo "fore", igbe ìkìlọ̀, tí bọ́ọ̀lù bá yà.

Ihò 11, ẹ sá fún bọ́ńkà Hill tó wà lósì, inú ẹ̀ ni Bobby Jones ará Amẹ́ríkà wà ní 1921 tó gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀ tó kúrò nínú ìdíje Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá Ìlú Ọba, ọmọ ọdún 19 ni nígbà yẹn, ó padà wá gbà á níbẹ̀ ní 1927. Ihò 12 máa tàn yín jẹ, láti orí tee ẹ ò ní rí bọ́ńkà kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà láàárín fairway tí wọ́n kọjú sí òdì kejì, torí láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gbá pápá náà láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Kádì ló máa gbà yín níbẹ̀. Ní 14, bọ́ńkà ńlá tó ń jẹ́ Hell ló ń dúró de bọ́ọ̀lù kejì yín, ẹ gba òsì, fairway ihò 5 wà níbẹ̀ fún yín.

Ó wá ku 17, Road Hole. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ máa gba orí ilé dúdú hòtẹ́ẹ̀lì kọjá, wọ́n kọ Old Course Hotel sára ẹ̀, kádì á sọ fún yín lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi ṣe àmì. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ gbá a sí òsì, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Green yẹn tóóró, ó dùbúlẹ̀ ní ìbú, bọ́ńkà Road wà níwájú ẹ̀ lósì, títì àti ògiri òkúta wà lẹ́yìn ẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sórí títì náà ẹ máa gbá a látorí títì, wọn ò ní gbé e fún yín. Tommy Nakajima lo 9, ìyẹn ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kó tó wọ ihò, níbẹ̀ nínú Open 1978 torí bọ́ńkà yẹn, David Duval lo 8 ní 2000, lọ́dún kan náà tí Tiger Woods fi ọjọ́ mẹ́rin gbá gbogbo pápá láìwọ bọ́ńkà kan ṣoṣo. Kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ gbá bọ́ọ̀lù kejì kúrú, sí iwájú green lápá ọ̀tún, ẹ fi putter gbé e gòkè, ẹ gba 5 yín, ẹ máa rìn lọ. 5 dáa gan-an lórí ihò yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ẹ ya fọ́tò lórí afárá Swilcan, kíá, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn. Lórí 18, títì kan dá fairway kọjá tí àwọn èèyàn àti mọ́tò ń gbà, ẹ dúró kí wọ́n kọjá. Kòtò tó wà níwájú green ń jẹ́ Valley of Sin, putter ni kẹ́ ẹ lò.

Àwọn tó kù

Carnoustie le ju gbogbo wọn lọ, mo rò pé ẹni tí handicap ẹ̀ bá lé ní 20 máa jìyà níbẹ̀, àmọ́ ìyà tó níyì ni. Odò kékeré Barry Burn yí po lórí ihò 17 àti 18. Orí 18 yẹn ni Jean van de Velde ará Faransé dé ní 1999 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó fi ṣáájú, 6 ti tó fún un láti gba Open, ó lo 7, ó bọ́ bàtà ó wọnú odò, Paul Lawrie ló padà gba ife. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin: lórí 18, iron lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kan driver, igi tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù.

Muirfield ni ti kílọ́ọ̀bù tó kọ òfin gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́, òfin 13 ní 1744, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbá ní Leith. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣòro jù nínú gbogbo èyí tí mò ń sọ, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni wọ́n ti ń gba àlejò látọjọ́ pípẹ́, wọn ò dẹ̀ gba obìnrin ní mẹ́ńbà títí di ìgbà tí wọ́n dìbò ní 2017. Ihò 1 sí 9 ń yí lọ síbì kan, 10 sí 18 ń yí sí òdì kejì nínú ẹ̀, torí náà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọlù yín máa ń yí padà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ṣe lẹ máa ṣírò ẹ̀ lákọ̀tun lórí gbogbo tee. Ó sì dà bíi pé ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ràn ará Áfíríkà, ọmọ South Africa mẹ́ta ló ti gba Open níbẹ̀, Gary Player ní 1959, Ernie Els ní 2002, Ashleigh Buhai gba ti obìnrin ní 2022. Wọ́n ń retí ọmọ Yorùbá.

North Berwick tó wà nítòsí ẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù, kí n má parọ́, pápá ọlọ́yàyà ni. Ògiri òkúta wà níwájú green lórí ihò 13, bọ́ọ̀lù yín gbọ́dọ̀ gba orí ẹ̀ kọjá. Ihò 15 ló ń jẹ́ Redan, wọ́n ti da á kọ káàkiri ayé, green ẹ̀ dà sí òsì àti ẹ̀yìn, ẹ má wo àsíá rárá, ẹ gbá a sí ọ̀tún kí ilẹ̀ gbé e lọ bá ihò. Lórí 18 àwọn mọ́tò máa ń tò sápá ọ̀tún, gíláàsì wọn ń wò yín, ẹ gba òsì.

Prestwick ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Open ní 1860, èèyàn mẹ́jọ péré ló gbá a, ihò 12 ni pápá náà ní nígbà yẹn, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ihò 5, Himalayas, ẹ ò ní rí green, òkè iyanrìn ló dí i, àmì tó wà lára òkè lẹ máa kọjú sí kẹ́ ẹ gbà á gbọ́, ẹ dẹ̀ lu agogo tẹ́ ẹ bá ti kúrò káwọn tó wà lẹ́yìn lè gbá. Royal Troon ò jìnnà, ihò 8 ẹ̀ tó ń jẹ́ Postage Stamp, 123 yáàdì péré, Gene Sarazen gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1973 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 71, Hermann Tissies ará Jámánì lo 15 lórí ẹ̀ ní 1950. Àárín green ni o, ẹ má lé àsíá. Turnberry rẹwà, ilé iná òkun ńbẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ ti kọjá ti ọmọlúwàbí.

Royal Dornoch jìn, ẹ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Donald Ross tó lọ ya pápá káàkiri Amẹ́ríkà, green wọn yọ sókè láàárín bí ẹ̀yìn abọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, bọ́ọ̀lù tí kò bá dé àárín gbungbun á yí bọ́ sílẹ̀. Putter lẹ máa fi gbé e padà. Ihò 14, Foxy, kò ní bọ́ńkà kankan, òun náà ló le jù.

Tówó ò bá tó, tàbí tẹ́ ẹ ò ní handicap

Bruntsfield Links láàárín ìlú Edinburgh, ọ̀fẹ́ ni lásìkò ooru, ihò kéékèèké, ẹ gbé wedge, putter àti bọ́ọ̀lù kan dání. Braid Hills wà lórí òkè nínú ìlú yẹn náà, ti gbogbo èèyàn ni, ẹ máa rí gbogbo Edinburgh láti orí ẹ̀. Ní Sọ́ńdè tí wọ́n bá ti Old Course, ẹ lè rìn ín láti 1 dé 18 láìsan kọ́bọ̀, àwọn ará ìlú máa ń mú ajá wọn wá ṣeré níbẹ̀, ìgbà yẹn ló dáa láti wo àwọn bọ́ńkà tí ẹ ò ní rí láti orí tee lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá a.

Musselburgh Links ni mo sì máa ní kí gbogbo èèyàn lọ, olówó àti tálákà. Ihò mẹ́sàn-án ni, inú pápá eré ẹṣin ló wà, ó wà lára àwọn pápá tó dàgbà jù láyé, wọ́n á háyà igi gọ́ọ̀fù ayé àtijọ́ fún yín, èyí tí ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ igi gidi, kẹ́ ẹ gbá a bí wọ́n ṣe ń gbá a nígbà Willie Park tó gba Open àkọ́kọ́, ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, torí lọ́jọ́ tí ẹṣin bá ń sáré wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀.